Ṣé àwọ̀ ara ló ń fà á ni? Ìyàtọ̀ dúdú àti òyìnbó nínú iṣẹ́ abẹ títún ọyàn ṣe l'Amẹ́ríkà

Lónìí ẹ máa gbọ́ pé ìwádìí kan jáde l'Amẹ́ríkà tó ní àwọn obìnrin dúdú ló ń rí wàhálà jù lẹ́yìn tí wọ́n bá tún ọyàn wọn ṣe, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ìwádìí míì á tún jáde pé irọ́ o, kò sí ìyàtọ̀ kankan tí èèyàn bá ṣe ìṣirò ẹ̀ dáadáa. Èwo wá ni ká gbà báyìí? Ọ̀pọ̀ wa tá a ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí ní Houston, ní Maryland, ní Chicago, la ti gbọ́ méjèèjì tí gbogbo ẹ̀ sì dojú rú mọ́ wa lọ́wọ́. Ká sòótọ́, àwọn méjèèjì lè tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn ni kì í ṣe ọ̀kan náà, àwọn oníròyìn sì kì í fara balẹ̀ sọ èyí fún wa.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ abẹ yìí jẹ́, torí tí èyí ò bá yé wa, ìyókù ò lè yé wa. Tí jẹjẹrẹ bá mú ọyàn tí dókítà sì ní àfi kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀ kúrò, obìnrin míì á ní ó ti tó, àyà pẹlẹbẹ ò pa èèyàn, ẹlòmíì á máa ki ọyàn àtọwọ́dá bọ inú bùrá, ẹlòmíì á sì ní kí wọ́n bá òun ṣe òmíì síbẹ̀. Ẹni kẹta yìí là ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọ̀nà méjì gbòógì ni wọ́n máa ń gbà ṣe é. Àkọ́kọ́ ni ìmpùláǹtì, ìyẹn àpò sílíkóónù tàbí àpò omi iyọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ. Ìlú Houston ní Texas ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi onísílíkóónù sí obìnrin lára lọ́dún 1962. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í fi í sí i lọ́jọ́ kan náà, àpò kan tó ṣófo ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi sí i, wọ́n á wá máa fa omi sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí awọ lè fẹ̀, ó lè gbà wọ́n lóṣù díẹ̀ kí wọ́n tó wá fi ti gidi rọ́pò ẹ̀.

Èkejì ni kí wọ́n fi ẹran ara obìnrin náà fúnra ẹ̀ ṣe é. Ọ̀rá àti awọ ìsàlẹ̀ ìdodo ni wọ́n sábà máa ń gé, wọ́n á gbé e lọ sí àyà, wọ́n á wá fi òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ rán òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ àyà, maikirosikópù ni wọ́n á máa fi wò ó. Nígbà tí dókítà kan ní Atlanta, Carl Hartrampf, gbé irú ẹ̀ jáde lọ́dún 1982, iṣan ikùn wà lára ohun tí wọ́n ń gbé lọ, ikùn obìnrin á wá máa rọ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe jù báyìí, tí wọ́n ń pè ní DIEP, ń fi iṣan yẹn sílẹ̀. Ó dáa gan-an, àmọ́ wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lèèyàn fi máa wà ní tíátà, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpá sì máa wà láti ìbàdí kan dé ìkejì.

Ẹ má gbàgbé ọ̀nà méjì yìí o, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í díjú.

Tá a bá wo ohun tí American Cancer Society kọ lọ́dún 2024, iye àwọn obìnrin dúdú tí jẹjẹrẹ ọyàn ń mú fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti òyìnbó, síbẹ̀ ìwọ̀n tó fi ń pa wọ́n fi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ju tàwọn yẹn lọ. Ìyẹn ni pé kì í mú wọn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń pa wọ́n jù. Ara ohun tó fà á ni pé jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní triple-negative, tí oògùn họ́mónù kì í ràn, ń mú obìnrin dúdú ní bí ìlọ́po méjì ti òyìnbó. Ọmọ wa kan wà lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ gidi lórí èyí, Dókítà Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé, tó kàwé dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ fìdí kalẹ̀ sí Yunifásítì Chicago, òun náà ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn MacArthur lọ́dún 2005. Iṣẹ́ tiwọn jẹ́ ká rí i pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni jẹjẹrẹ ọyàn ń mú nígbà tí wọn ò tíì dàgbà, èyí tó máa ń mú wọn sì máa ń le.

Ibí ni àwọn kan ti máa ń fò sókè pé ẹ ò rí i báyìí, ẹ̀jẹ̀ dúdú ló fà á. Ẹ ṣe sùúrù ná. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní ABC-DO, wọ́n ṣe é ní Nàìjíríà, Uganda, Zambia, Namibia àti South Africa, wọ́n kọ orúkọ àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn sílẹ̀ láti 2014 sí 2017 wọ́n sì ń tọpa wọn lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 36 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè nínú àwọn ti Nàìjíríà. Ní Namibia, ìdá 56 nínú àwọn obìnrin dúdú, àmọ́ àwọn tí kì í ṣe dúdú ní Namibia yẹn kan náà, bí ìdá 90. Ẹ wò ó dáadáa. Dúdú ni ti Nàìjíríà, dúdú ni ti Namibia, ìyàtọ̀ àárín wọn sì tó ogún. Tó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan ló ń pa èèyàn, ṣé kò yẹ kí dúdú àti dúdú bá ara wọn dọ́gba ni? Ohun tó wà láàárín wọn ni ìgbà tí wọ́n rí dókítà, oògùn tí wọ́n rí rà, àti bí ọsibítù ṣe jìnnà sí wọn tó. Irú jẹjẹrẹ tó mú èèyàn náà ní tiẹ̀ nínú ẹ̀, mi ò sọ pé kò ní, àmọ́ òun nìkan kọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí títún ọyàn ṣe. Tí jẹjẹrẹ bá le tàbí tí wọn ò bá tètè rí i, ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà nílò rédíéṣọ̀n lórí àyà, ìyẹn ìtànṣán tó lágbára tí wọ́n ń fi pa jẹjẹrẹ. Rédíéṣọ̀n àti ìmpùláǹtì ò sì rẹ́. Awọ tí wọ́n bá ti fi iná yẹn sun á le, kì í tètè jiná, àpá inú á wá fún àpò sílíkóónù yẹn mọ́ra títí á fi le bí òkúta tàbí kó máa dun èèyàn, nígbà míì àfi kí wọ́n yọ ọ́ pátápátá. Nítorí náà dókítà gidi á sọ fún un pé, mádàámù, ẹran ikùn ló máa dáa jù fún yín. Ara ohun tó fà á nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwádìí l'Amẹ́ríkà fi ń rí i pé nínú àwọn tí wọ́n tún ọyàn ṣe fún, àwọn dúdú ló ń gba ti ẹran ara jù, àwọn òyìnbó ló ń gba ìmpùláǹtì jù.

Wàyí o, iṣẹ́ abẹ wákàtí mẹ́jọ tó ní ojú egbò méjì, ikùn kan, àyà kan, ó ṣáà gbọ́dọ̀ ní wàhálà ìbẹ̀rẹ̀ ju èyí tí wọ́n fi àpò sí lábẹ́ awọ lọ. Ojú egbò lè là, omi lè gbá jọ síkùn, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà ṣàpẹẹrẹ fún yín, èmi ni mo mú nọ́ńbà yìí látorí ara mi o kó lè yé wa ni, ẹ má lọ sọ pé ìwádìí ló sọ bẹ́ẹ̀. Ká sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún tó gba ìmpùláǹtì, mẹ́wàá ló ń ní wàhálà, nínú ọgọ́rùn-ún tó gba ẹran ikùn, ogún, àti pé kò sí ìyàtọ̀ rárá láàárín dúdú àti òyìnbó, bó ṣe rí fún ti Tinú náà ló rí fún ti Mary. Ẹ wá kó ọgọ́rùn-ún òyìnbó, àádọ́rin nínú wọn gba ìmpùláǹtì, ọgbọ̀n gba ẹran ikùn. Wàhálà: méje nínú ti àkọ́kọ́, mẹ́fà nínú ti èkejì, àpapọ̀ 13. Ẹ kó ọgọ́rùn-ún dúdú, ogójì gba ìmpùláǹtì, ọgọ́ta gba ẹran ikùn. Wàhálà: mẹ́rin, pẹ̀lú méjìlá, 16. Ẹni tó bá ka àpapọ̀ nìkan á pariwo pé wàhálà dúdú ju ti òyìnbó lọ, 16 sí 13! Bẹ́ẹ̀ dókítà ò ṣe ojúsàájú níbẹ̀, ara wọn náà ò sì yàtọ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún wọn ni ò jọra.

Èyí ló ń fà á tí ìwádìí àkọ́kọ́ àti ìwádìí kejì fi ń ta kora wọn. Ọ̀kan ka àpapọ̀, èkejì ní ká fi ẹni tó gba ẹran ikùn wé ẹni tó gba ẹran ikùn, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà wé ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó sanra wé ẹni tó sanra, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru wé irú ẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn máa ń dín kù gan-an, nínú ìwádìí míì á pòórá pátápátá, nínú òmíì díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Àwọn oníṣirò á wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọ̀ ara fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń fa wàhálà. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni ohun tí àwọn èèyàn máa ń fi ìyẹn sọ lẹ́yìn náà, pé ṣé ẹ rí i báyìí, kò sí ẹ̀tanú, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ wò ó lọ́nà yìí: ọkọ̀ méjì gbéra n'Íbàdàn, Èkó ni wọ́n ń lọ, ọ̀kan gba títì tó dán, wọ́n ní kí èkejì gba ọ̀nà tó jẹ́ kìkì kòtò. Táyà ti ẹnìkejì fọ́. Ẹ wá ṣe ìṣirò, ẹ ní tá a bá yọ ti kòtò kúrò, ọkọ̀ méjèèjì bára wọn dọ́gba, táyà wọn dáa bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Ta ló wá ní kí ìyẹn gba ọ̀nà kòtò? Ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, sísanra, àìtètè rí jẹjẹrẹ, kò sí èyí tó jábọ́ látọ̀run nínú wọn. Àdúgbò téèyàn ń gbé wà nínú ẹ̀, irú oúnjẹ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù itòsí wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ tí wọn ò ti gbà kéèyàn gbààyè lọ ṣe mámógíráàmù, ìyẹn fọ́tò inú ọyàn tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ, wà nínú ẹ̀. Tí ìṣirò bá ti yọ gbogbo ẹ̀ dànù, ohun tó ṣẹ́ kù kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí ìyàtọ̀, ó kàn jẹ́ ẹ̀rí pé ìyàtọ̀ náà ti wà kí èèyàn tó wọ tíátà. Fún dókítà tó ń gé, ìyẹn ṣe pàtàkì, ó sọ fún un pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Fún ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò yí nǹkan kan padà.

Ohun kejì tí ìṣirò yẹn ò lè rí rárá ni àwọn tí kò dé tíátà. Gbogbo nọ́ńbà wàhálà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, inú àwọn tí wọ́n ṣe é fún ni wọ́n ti kà á. Obìnrin tí wọ́n gé ọyàn ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ sọ fún pé wọ́n lè tún un ṣe, obìnrin tí dókítà tó ń ṣe é tó sún mọ́ ọn jù jẹ́ ìrìn wákàtí mẹ́ta, ẹni tí wọ́n ní ó sanra jù kó lọ fọn ná kó tó padà wá tí kò sì padà wá mọ́, kò sí ìkankan nínú wọn nínú ìwé yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń rí i l'Amẹ́ríkà pé àwọn obìnrin dúdú kì í rí i ṣe tó òyìnbó, pàápàá èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n gé ọyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàfo náà ti ń dín kù. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ọsibítù tó ní èsì àwọn dúdú òun dára bíi ti òyìnbó, ẹ bi í ná: àwọn dúdú mélòó lẹ ṣe é fún nínú gbogbo àwọn tẹ́ ẹ gé ọyàn wọn? Ó lè jẹ́ àwọn tára wọn le jù lọ nìkan ni wọ́n ń mú.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà tún wà ńbẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwádìí yìí ni wọ́n fi àkọsílẹ̀ kan tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ Amẹ́ríkà ń tọ́jú ṣe, NSQIP lorúkọ ẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló sì ń wò. Ọyàn títún ṣe kì í sì í parí lọ́gbọ̀n ọjọ́! Ìmpùláǹtì tó máa le bí òkúta, ó lè tó ọdún kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Orí ọyàn tí wọ́n máa ṣe tàbí tí wọ́n máa fi táàtúù yà síbẹ̀, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìwádìí míì tí wọ́n ń pè ní MROC, ọsibítù mọ́kànlá ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ló para pọ̀ ṣe é, wọ́n tọpa àwọn obìnrin tó lé ní 2,300 fún ọdún méjì gbáko. Bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ní ìṣòro kan tàbí òmíì láàárín ọdún méjì yẹn. Ẹ wá gbọ́ o: àwọn tó gba ẹran ara ló ní ìṣòro jù, àmọ́ lẹ́yìn ọdún méjì àwọn náà ni inú wọn dùn sí ọyàn wọn jù, àwọn tó gba ìmpùláǹtì sì ni iṣẹ́ wọn ń bàjẹ́ pátápátá jù. Èwo lẹ máa pè ní èsì tó dáa nínú ìyẹn? Tó bá jẹ́ iye wàhálà nìkan lẹ kà, ẹ máa ní kí àwọn dúdú má gba ẹran ara mọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló sì lè tẹ́ wọn lọ́rùn jù.

Mo ti sọ títí pé àwọ̀ kọ́, mo wá fẹ́ sọ ibi tí àwọ̀ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi báyìí, torí ó wà.

Ẹ ronú wo alẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn DIEP. Ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán sí àyà yẹn, òpó ẹ̀jẹ̀ bíńtín méjì ló gbé ẹ̀mí ẹ̀ ró, ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé, ọ̀kan ń gbé e jáde. Tí ọ̀kan nínú wọn bá dí, wákàtí díẹ̀ ló kù kí ẹran náà kú. Nítorí náà nọ́ọ̀sì á máa wá ní wákàtí wákàtí, á tan iná, á wo àwọ̀ ẹran náà, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe yára padà síbẹ̀, á sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bíi bírò lé e lórí, ẹ máa gbọ́ ọ, fùú, fùú, fùú, ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wọn nílé ìwé ni pé tó bá funfun ràì, ẹ̀jẹ̀ ò wọlé, tó bá dà bí àwọ̀ àlùkò, ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Fọ́tò ara òyìnbó ni wọ́n sì fi kọ́ wọn. Lára awọ tó dúdú dáadáa, ta ló fẹ́ rí àwọ̀ àlùkò lábẹ́ iná ọsibítù láago mẹ́ta òru? Ó ṣeé rí o, fún ẹni tójú ẹ̀ ti mọ́ ọn, àmọ́ ẹni tí ò tíì rí irú ẹ̀ rí lè sọ pé kò sí nǹkan kan. Bákan náà ni awọ àyà tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gé ọyàn, tó bá fẹ́ kú, pípọ́n ẹ̀ kì í hàn lára wa bó ṣe ń hàn lára wọn, kòkòrò tó wọ ojú egbò náà bẹ́ẹ̀. Ọsibítù tó bá mọ ohun tó ń ṣe kì í gbára lé àwọ̀ nìkan, ohùn ẹ̀rọ yẹn àti gbígbóná ara ni wọ́n ń fọkàn tán jù, àwọn míì sì ní ẹ̀rọ tó ń ka afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹran náà tọ̀sán tòru.

Ẹ̀rọ náà ò ṣàìní tiẹ̀ ṣá. Èyí tí wọ́n ń fi há èèyàn lọ́mọ ìka láti ka ọ́síjìn, lọ́dún 2020 ni àwọn dókítà kan ní Yunifásítì Michigan fi hàn pé ó ń ṣi àwọn aláìsàn dúdú kà, tí ọ́síjìn wọn ti lọ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ ṣì ń sọ pé kò séwu, ìgbà tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti òyìnbó. Iná ni ẹ̀rọ yẹn ń tàn gba inú awọ kọjá, ara òyìnbó ni wọ́n sì fi dán an wò jù nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Àpá náà wà ńbẹ̀. Àpá gíga tí wọ́n ń pè ní keloid, tó máa ń wú kọjá ojú egbò, tó ń yún, tó ń dun èèyàn, àwa la máa ń ní in jù. Ẹni tí etí tí wọ́n lu fún un ti wú rí, kó sọ fún dókítà kó tó gbà kí wọ́n gé òun láti ìbàdí dé ìbàdí. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má ṣe é o, àmọ́ wọ́n á mọ ibi tí wọ́n máa gé sí, wọ́n á sì ti múra abẹ́rẹ́ tàbí pílásítà sílíkóónù sílẹ̀.

Jínótáìpù náà ńkọ́? Nílé, kò sẹ́ni tí kò mọ tiẹ̀, àwọn pásítọ̀ tiẹ̀ ń béèrè ẹ̀ kí wọ́n tó so èèyàn pọ̀. L'Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọsibítù ò ní bi yín léèrè àyàfi tẹ́ ẹ bá sọ. Ẹ sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá gé ẹran ikùn kúrò kí wọ́n tó rán an mọ́ àyà, àkókò kan wà tí kò sí ẹ̀jẹ̀ tuntun tó ń wọ inú ẹ̀, àìsí ọ́síjìn gan-an ló sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ SS àti SC ká kò bíi dòjé. Ẹni tó jẹ́ AS ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró máa ń mú wọn díẹ̀ ju ẹni tó jẹ́ AA lọ, ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ fún yín loògùn oorun mọ̀.

Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kan ti owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kòtò yẹn wà. Lóṣù October ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó ní inṣọ́ránsì tó bá ń sanwó gígé ọyàn gbọ́dọ̀ sanwó títún un ṣe, àti ti ọyàn kejì kí méjèèjì lè bára mu, àti ìtọ́jú apá tó bá wú lẹ́yìn ẹ̀. Òfin tó dáa gan-an ni, ẹni tó bá ní inṣọ́ránsì níbi iṣẹ́ kó má jẹ́ kí wọ́n fọgbọ́n gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ kò de Medicaid, ìyẹn inṣọ́ránsì tí ìjọba ń fún àwọn tówó wọn ò tó nǹkan, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tiẹ̀, owó tí wọ́n sì ń san fún dókítà kéré débi pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ DIEP ṣe kì í fẹ́ gbà á. Tá a bá mú ọgọ́rùn-ún dúdú àti ọgọ́rùn-ún òyìnbó, àwọn tó wà lórí Medicaid nínú àwọn dúdú ló máa pọ̀ jù. Ẹ̀yin náà ẹ parí ìṣirò ẹ̀. Kódà ti àwọn onínṣọ́ránsì aládàáni náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́: ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó Medicare, ìyẹn inṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ní òun fẹ́ pa kóòdù tí wọ́n fi ń sanwó DIEP lọ́tọ̀ rẹ́ tó bá di ìparí 2024, kó dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn iṣẹ́ abẹ ẹran ara míì, àwọn inṣọ́ránsì kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó kí ọjọ́ tó pé. Àwọn dókítà pariwo, àwọn obìnrin tí wọ́n ti ṣe é fún pariwo jù, nígbà tó di August 2023 ìjọba ní òun ò ṣe mọ́, kóòdù náà máa dúró.

Fún ẹni tọ́rọ̀ yìí kàn lọ́wọ́ báyìí, tàbí tó kan ìyá ẹ̀ tàbí àǹtí ẹ̀, kí wọ́n tó gé ọyàn ni kí ẹ ti ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rí dókítà tó ń tún un ṣe, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá gé e tán, torí bí wọ́n ṣe gé awọ yẹn máa sọ ohun tó ṣeé ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ béèrè bóyá rédíéṣọ̀n máa wà. Tí wọ́n bá ní ìmpùláǹtì nìkan ni àwọn ń ṣe, ẹ béèrè bóyá torí ó dáa fún ara yín ni àbí torí kò sẹ́ni tó mọ ìkejì ṣe ní ọsibítù yẹn, ìdáhùn méjèèjì ò jọra, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ síbòmíì. Ẹ ní kí dókítà fi fọ́tò àwọn tí awọ wọn dúdú bíi tiyín tó ti ṣe fún hàn yín, àpá ikùn àti táàtúù orí ọyàn, pàápàá táàtúù yẹn, torí dáyì tí ọ̀pọ̀ wọn ní lọ́wọ́, pupa fẹ́ẹ́ bíi ti òyìnbó ni.

Tí wọ́n bá wá ní ẹ sanra jù, ẹ béèrè nọ́ńbà tí àwọn ń fẹ́ gan-an, ọsibítù míì ń dá èèyàn padà ní BMI 35, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe wúwo sí bó ṣe ga, òmíì ń gbà wọ́n dé 40. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.